Kí Lo Ti Ń Ṣe Látìgbà Tó O Ti Parí Àgùnbánirọ̀?

Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò mọ́mì mi, fi CV ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago méjìlá òru ku díẹ̀, ó ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, kẹ́ ẹ sì bá mi fún àwọn èèyàn yín." Orúkọ tó wà lára fáìlì náà ni "CV new final final 3". Mo ṣí i, ojú ewé mẹ́ta. Ọdún tó wọ jẹ́léósinmi wà níbẹ̀, praimárì ẹ̀ l'Égbẹ́dá wà níbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ tí bàbá ẹ̀ ti wá wà níbẹ̀, ẹ̀sìn ẹ̀ wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ dilẹ̀ ṣe sí, ó kọ "ìwé kíkà àti ìrìnàjò", ọmọ tí mi ò rò pé ó ti kọjá Ṣàgámù rí àfi ìgbà tó ṣe kóópà.

Ohun tí mi ò wá rí níbẹ̀ ni POS. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko lọmọ yìí ti ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn ìyá ẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù, tó ń sanwó fún èèyàn, tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, tí owó ẹni tó bá sì há sáàárín báǹkì méjì, òun ló máa bá wọn fà á títí wọ́n á fi rí i gbà. Nígbà tílẹ̀ mọ́ mo pè é, mo ní POS yẹn ńkọ́, kí ló dé tí mi ò rí i? Ó bú sẹ́rìn-ín. "Hàbà Àǹtí, ìyẹn náà niṣẹ́?"

Mi ò lè bú u o. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lèmi náà sọ tí mo fi ṣòfò ọdún kan àti ààbọ̀.

2015 ni mo parí àgùnbánirọ̀. Àlàwí tiwa nígbà yẹn ₦19,800 ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba ₦77,000 báyìí tẹ́ ẹ sì ń pariwo, mo gbọ́ yín, ọjà ti wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣàánú wa. Akáńtì ni mo kà, 2:2, ìyẹn ipò kejì ti ìsàlẹ̀, ni mo sì gbé jáde. Ìyànà Ìpájà là ń gbé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ká wáṣẹ́ ò ju pé kí n tẹ CV, kí n ṣe fọ́tókópì ẹ̀ ní ogún, kí n kó o sínú àpòòwé aláwọ̀ búráùn, kí n wọkọ̀ lọ sí CMS, kí n wá máa fẹsẹ̀ rin Marina àti Broad Street láti géètì dé géètì, kí n máa kó o fún àwọn sìkìọ́rítì. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ kan. Ó ní "Sísítà, ṣé ẹ rí páálí yẹn?", páálí Indomie kan ló nàka sí lábẹ́ tábìlì ẹ̀, àpòòwé kún inú ẹ̀ dẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì fi tèmi lé e lórí.

Àfi ọjọ́ tí tẹ́síìtì wọlé sórí fóònù mi. Wọ́n ní wọ́n ti yàn mí fún íńtáfíù ní Ọ̀gbà, aago mẹ́jọ àárọ̀, kí n mú báírò dání, kí n béèrè ọ̀gbẹ́ni báyìí-báyìí, kí n sì pe kóòdù kan fún un. Orúkọ kọ́ńpìnnì ò sí níbẹ̀, mi ò tiẹ̀ bi ara mi pé níbo ni mo ti kọ̀wé sí wọn. Mo yá kóòtù tó tóbi jù mí lọ, mo kúnlẹ̀, dádì mi súre fún mi, ó fún mi lówó ọkọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, èèyàn bí igba ló wà nínú họ́ọ̀lù, gbogbo wa la wọ dúdú lórí funfun bí ẹni tó ń lọ sin lọ́yà, ni bọ̀dá kan bá gba máìkì, ó ní "Ta ló fẹ́ dolówó nínú yín?" Oògùn ìmúlera inú ike ni wọ́n fẹ́ ká máa tà, a sì máa kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù. Mo rí àwọn tó san án. Tó bá jẹ́ pé mo lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ n má purọ́, ó ṣeé ṣe kí n san.

Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní, WhatsApp ni wọ́n wá gbé e wá báyìí. Tẹ́síìtì tí ò lórúkọ ilé iṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá lórúkọ, ẹ lọ fi orúkọ yẹn wá a lórí ojúlé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀ lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó ríṣẹ́, owó yín gan-an niṣẹ́ tó ń ṣe. Kódà tó bá jẹ́ ìjọba: ní March 15, 2014 tí Immigration pe àwọn tó ń wáṣẹ́ jọ sí àwọn pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà, ₦1,000 ni oníkálukú ti san kó tó débẹ̀, èrò sì pọ̀ débi pé àwọn ọmọ ọlọ́mọ kú sẹ́nu géètì l'Abuja àti ní Port Harcourt. Mọ́mì mi ò gbà kí n sún mọ́ irú ẹ̀ mọ́ láéláé lẹ́yìn ìyẹn.

Ó ṣáà sú gbogbo ará ilé. Àǹtí mi, àbúrò dádì mi, tó ń ta léèsì ní Balógun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nnamdi Azikiwe, wá ní kí n máa bọ̀ wá jókòó ti òun dípò tí màá fi máa jókòó sílé. Mo lọ, ojú sì ń tì mí. Ọ̀rẹ́ mi kan rí mi níbẹ̀ tí mò ń fa báálì aṣọ, mo ní mo kàn wá kí Àǹtí mi ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀ tí mo ní kì í ṣe iṣẹ́. Ìwé gbèsè Àǹtí mi jẹ́ ìwé ọlọ́gọ́ta ewé mẹ́ta tí wọ́n fi rọ́bà so pọ̀. Orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀: Ìyá Ìbejì Ìbàdàn, Alhaja onígíláàsì, obìnrin pupa Cotonou. Ṣé ẹ rí i, obìnrin pupa Cotonou nìkan jẹ́ mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ gbèsè. Àpapọ̀ owó tó wà níta ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Mo jókòó, mo kó gbogbo ẹ̀ sórí Excel lórí láptọ́ọ̀pù mi tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti là, orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye tí wọ́n gbà, ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa san. Gbogbo àárọ̀ Monday ni mo máa ń pe àwọn tí ọjọ́ wọn ti pé, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣọ́ọ̀bù Balógun ni mo ti ń pè", mi ò ní bá wọn jà, ṣùgbọ́n mi ò ní gbàgbé wọn. Nígbà tó di June 20, 2016 tí CBN tú náírà sílẹ̀, tí dọ́là tó wà ní bíi ₦197 ní owó ìjọba fò lọ sí bíi ₦280 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo Balógun dàrú, àwọn kan ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ń ta lówó àná wọ́n ò sì ní lè fi owó náà kó ọjà míì, èmi ni mò ń dé ní aago méje tí mò ń ṣírò iye tá a máa ta yáàdì márùn-ún láàárọ̀ yẹn ká má baà jẹ gbèsè. Àǹtí mi ò ní ta pínnì kan kó tó di pé mo pè é ní iye.

Ní August ọdún yẹn, kọ́ńpìnnì kan ní Marina pè mí fún íńtáfíù gidi. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti gba ibẹ̀ lọ. Màdáámù tó jókòó níwájú mi wo CV mi lọ wo CV mi bọ̀, ó ní "Kí lo ti ń ṣe látìgbà tó o ti parí àgùnbánirọ̀?"

Mo ní "Mo wà nílé mà, mò ń wáṣẹ́."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, òwú léèsì aláwọ̀ góòlù kan lẹ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì mi, ọwọ́ mi wà lábẹ́ tábìlì, mò ń fi èékánná yọ ọ́ kó má baà rí i. Ó ní ó dáa, àwọn máa pè mí. Ẹ̀yin náà mọ àwọn máa pè mí.

December ló wá yé mi. Kọ́sítọ́mà Àǹtí mi kan wá ra aṣọ ẹbí fún ọgọ́ta èèyàn, ó ní kí wọ́n bá òun kọ ẹni tó ti sanwó àti ẹni tó kù, torí àwọn ará ilé òun fẹ́ bá òun jà lórí ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún un. Ó wò ó, ó ní "Ta ló ṣe èyí?" Àǹtí mi nàka sí mi. Ó ní kí ni mo kà, mo ní akáńtì mà. Ó ní ṣé ó wà lórí CV mi pé èmi ni mò ń ṣe èyí? Mo mi orí pé rárá. Bẹ́ẹ̀ la ò ṣe mọ̀ látọjọ́ yìí pé HR, ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́, lòbìnrin yìí ní ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kan o, a kàn mọ̀ ọ́n sí ẹni tó máa ń dá owó léèsì sí méjì ni. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí n mú báírò.

Kò fún mi níṣẹ́. Mo ń sọ ìyẹn torí àwọn èèyàn rò pé tẹ́ ẹ bá ti mọ èèyàn, ó parí. Ohun tó fún mi ni ìbéèrè mẹ́ta: kí lo ṣe, fún ẹni mélòó, kí ló yí padà? Gbogbo ìlà tó bá wà lórí CV gbọ́dọ̀ lè dáhùn ó kéré tán méjì nínú ẹ̀. Nítorí náà a ò kọ pé mo bá Àǹtí mi tajà. A kọ pé mo ń tọ́jú akáńtì ilé ìtajà aṣọ kan ní Balógun, mo kó gbèsè kọ́sítọ́mà mẹ́tàlélọ́gọ́rin sórí Excel, gbèsè tó wà níta sì wálẹ̀ láti mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ sí mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ láàárín oṣù méje. Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, èmi ní tèmi ń bọ́ ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ kí n tó jáde.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìn nínú ilé, ọmọ mélòó, kí ni wọ́n gbà nínú WAEC? Tẹ́ ẹ bá ń wa Bolt, mélòó lẹ ń gbé lọ́sẹ̀ kan, báwo lẹ ṣe ń ṣírò epo? Tẹ́ ẹ bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, tẹ́ ẹ sì ṣètò àpéjọ fún irinwó èèyàn láìjẹ gbèsè, iṣẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ gidi. Ẹ kàn má lọ kọ ọ́ bí àwọn tó ń ta ṣinṣín tí wọ́n wá kọ CEO síbẹ̀ o. Mo ti ń bá wọn gba èèyàn síṣẹ́ báyìí, tí mo bá ti rí CEO ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń pa mí kí n tó ka èyí tó kù.

Ìyókù CV ò le. Ojú ewé kan tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, méjì tẹ́ ẹ bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ yọ praimárì, ẹ yọ ẹ̀sìn. Kí ímeèlì yín jẹ́ orúkọ yín, kó má jẹ́ sexyb-nǹkan-nǹkan. Ẹ má fi àpótí àti àwọ̀ rẹpẹtẹ sí i torí níbi púpọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ kà á kí ojú èèyàn tó kàn án, kọ̀ǹpútà ò sì mọ ẹwà. LinkedIn dáa, Jobberman tí àwọn ọmọ OAU dá sílẹ̀ ní 2009 náà dáa, ṣùgbọ́n CV kan náà tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ibi, páálí Indomie yẹn náà ló ń lọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló fi yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi nípa 2:2 àti ọjọ́ orí. Ó ń bí mi nínú títí dòní. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gba gírájúéètì tíréní, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní àfi 2:1, ipò kejì ti òkè, kó má ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, nílùú tí ìyanṣẹ́lódì ASUU ti lè fi ọdún méjì kún kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin. Ẹni tó ní HND náà mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa forí gbá ògiri yẹn. Ògiri yẹn ò sí ní ilé iṣẹ́ kéékèèké tí èèyàn ogún tàbí ọgbọ̀n wà, owó wọn kéré, ṣùgbọ́n láàárín ọdún méjì ẹ máa ti fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ẹlòmíì ò ní fọwọ́ kàn fún ọdún márùn-ún ní báǹkì. Ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ́ náà wà: ICAN, ti ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì, lèmi ṣe, ìpele mẹ́ta ni, May àti November ni wọ́n máa ń ṣe é, tẹ́ ẹ bá sì ka akáńtì ní yunifásítì wọ́n máa yọ àwọn ìdánwò kan kúrò fún yín. Látìgbà tí mo ti fi orúkọ ICAN sí CV mi, ẹnì kankan ò béèrè 2:2 mọ́.

Ilé iṣẹ́ tó gbà mí ní 2017 wà ní Yaba, wọ́n ń kó ọjà pín fún àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ní Marina náà ni wọ́n bi mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Balógun, ti obìnrin pupa Cotonou mẹ́ta yẹn, ọ̀gá tó ń bi mí léèrè rẹ́rìn-ín, ó ní irú gbèsè báyìí ló ń pa àwọn náà. Àṣé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún mi gan-an nìyẹn.

Ibi tí mo ti wá ṣe òmùgọ̀ ni owó. Ó ní eló ni mo fẹ́ máa gbà. Ọmọ tó mọ iye yáàdì léèsì lójoojúmọ́ ní "Iyekíye tẹ́ ẹ bá fún mi, sà." Àfi bíi kí n gba ara mi létí. Wọ́n fún mi ní iyekíye lóòótọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni mo gbọ́ pé ẹni tó ṣe é ṣáájú mi ń gbà jù mí lọ dáadáa. Ẹ béèrè kiri kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ mú iye kan sọ́kàn, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé "Èyí tẹ́ ẹ dá yìí, ṣé kẹ́ ẹ tó yọ owó orí àti pẹ́ńṣàn ni àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

Ẹ ṣírò ọkọ̀ náà. Ẹnì kan nínú ìdílé wa láyọ̀ pé òun ríṣẹ́ ₦120,000 l'Ájáh, Agége ló ń gbé. Mo ní kó kọ owó ọkọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦3,400, ọjọ́ méjìlélógún lóṣù, ₦74,800 nìyẹn, kò tíì jẹun ọ̀sán o. Tó bá jẹ́ pé Mile 2 ló ń gbé tí iṣẹ́ sì wà ní Marina, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, torí rélùwéè ti ń lọ tààrà láti 2023. Bí ọ̀nà ṣe rí l'Ékòó, àdírẹ́ẹ̀sì iṣẹ́ wà lára owó oṣù.

Pẹ́ńṣàn ńkọ́? Àwọn tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ yẹn ń yọ ọ́ lára owó mi lóṣooṣù, oṣù mọ́kànlá kọjá kí n tó lọ yẹ akáńtì pẹ́ńṣàn mi wò, òfìfo ni. Òfin 2014 ní ìpín mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún látọwọ́ yín, mẹ́wàá látọwọ́ wọn, kó sì dé ọ̀dọ̀ PFA yín, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú owó pẹ́ńṣàn. Mo lọ bá akáńtáǹtì àgbà, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì tẹ sítétímẹ́ǹtì yẹn lé e lọ́wọ́. Wọ́n san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa yẹ tiyín wò ní gbogbo oṣù mẹ́ta, torí tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín tí oṣù mẹ́rin kọjá tẹ́ ò tíì rí òmíì, ẹ lè gba ìdá mẹ́rin ẹ̀ kan jáde, mo mọ ẹni tó jẹ́ pé òun ló fi san owó ilé.

Ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ló wá pẹ́ jù fún mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi rò pé ọ̀gá ń rí mi. Mò ń dé kí gbogbo wọn tó dé, mò ń lọ lẹ́yìn wọn, mo wá ń retí pé December kan wọ́n á pè mí. Wọ́n pe ẹlòmíì. Mo sunkún nínú tọ́yílẹ́ẹ̀tì, mo tún ojú ṣe, mo padà sórí àga. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi àgbà láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé ó kan ọ́fíìsì náà.

Ìgbà yẹn ni mo rántí báírò tí màdáámù yẹn ní kí n mú. Mo ra ìwé kékeré kan lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba, tó bá di ọ̀sán Friday mo máa kọ ohun mẹ́ta sí i tí mo ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, fún ta, kí ló yí padà. Ọ̀sẹ̀ míì kò ní sí ju ẹyọ kan. Nígbà tó di ìpàdé àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò sì sọ pé mo ti pẹ́ níbí, mo kàn ṣí ìwé. Ọ̀gá mi ní òun ò mọ̀ pé èmi ni mo yanjú ọ̀rọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì Ìkẹjà yẹn, òun rò pé àwọn sélísì ni. Wo bó ṣe fẹ́ bọ́ lọ! Wọ́n gbé mi sókè ní April. Nígbà tí mo wá ń kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi tí mo wà báyìí l'Ópébì, ìwé yẹn náà ni mo jókòó tì tí mo fi kọ CV tuntun, wákàtí méjì péré ni mo fi ṣe é.

Àbúrò mi fi òmíì ránṣẹ́ lánàá. Ojú ewé kan. POS ti wà níbẹ̀, lókè pátápátá: èèyàn bí àádọ́rin lójúmọ́, owó tó há mọ́kàndínlógún tó bá kọ́sítọ́mà gbà padà lọ́wọ́ báǹkì, ìwé tó fi ń báláǹsì lálaalẹ́ tí ìyá ẹ̀ ò fi pàdánù owó mọ́ láti January. Praimárì ti lọ, ẹ̀sìn ti lọ. Orúkọ fáìlì wá ń jẹ́ "CV new final final 4", ìrìnàjò sì ṣì wà nísàlẹ̀ bó ṣe wà. Mo pè é, mo ní ìrìnàjò wo? Ó ní "Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, a máa lọ Badagry lọ́jọ́ Sátidé."